Àwọn Ẹsẹ Tí Màmá Wa Ò Kà Mọ́

Aago méjìlá òru ni màmá wa máa ń jí wa. Kì í pariwo. Á kàn fọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, títí oorun á fi dá lójú wa. Kí a tó jókòó dáadáa, ó ti tan àbẹ́là, ó ti bu omi sínú abọ́ funfun, Bíbélì rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya sì ti wà ní ṣíṣí lórí àpótí. A kì í béèrè ibi tó ṣí i sí. Sáàmù 109 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ìjọ aláṣọ funfun ti mọ ohun tí à ń sọ. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: nílé tiwa, Sáàmù kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí ewé àti egbò ṣe ní iṣẹ́ tiwọn ní ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà. 51 wà fún ẹni tó ṣẹ̀ tó fẹ́ tọrọ àforíjì. 91 wà fún ààbò, 121 wà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. 35 wà fún ẹni tí wọ́n ń bá jà láìnídìí. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá gbogbo ìyẹn, tí ìkà náà ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, 109 ló kù.

109 kì í ṣe eré o. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀mí ọ̀tá òun má gùn, kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ó dé orí ìyàwó, ó dé orí ọmọ: kí ìyàwó di opó, kí àwọn ọmọ máa tọrọ jẹ kiri, kí ẹnikẹ́ni má ṣàánú wọn, kí orúkọ ìdílé náà pa rẹ́. Màmá wa ń ka gbogbo rẹ̀ láìfo ẹsẹ kankan. Tó bá dé ibi tó yẹ kó dárúkọ, á dá orúkọ ọkùnrin kan, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Àwa á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, á fún wa ní omi yẹn mu díẹ̀díẹ̀, a ó sì padà lọ sùn.

Ọkùnrin tí à ń sọ yìí ò pààyàn. Ilẹ̀ ló tà.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú irin rélùwéè láti Èkó wá sí Ìbàdàn, tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ máa wà, ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí. Oko ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí tẹ́lẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kan èèkàn sí. Màmá wa ń ta gaàrí àti èlùbọ́ lọ́jà. Èésú ọdún mẹ́rin ló kó, ó fi ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní ọdún 2018. Ó gba risíìtì, ó gba ìwé àdéhùn, àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. A ya fọ́tò níbẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, àwa mẹ́ta dúró sí ibi tó ní iyàrá wa máa wà, ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn wa, màmá wa sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, a dé ibẹ̀ láti ro ó, a bá fẹ́ǹsì. Ẹlòmíràn ti gbé owó tó ju tiwa lọ wá. Ọkùnrin náà ò sá o. Ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ ṣáà ní sùúrù, a máa wá òmíràn fún yín.” A lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́lẹ́bí tó ni ilẹ̀, wọ́n ní ká ní sùúrù. A lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n ní ká ní sùúrù. A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn sílẹ̀, wọ́n ní ká mú owó bíìrò àti owó epo ọkọ̀ wá, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká ní sùúrù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá wa ra àbẹ́là.

*

Ọ̀kan nínú wa padà lọ kọ́ nípa ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni a ti wá mọ̀ pé ohun tí màmá wa ń ṣe lóru yẹn jọ ẹjọ́ ju èpè lọ. Ní èdè Hébérù, rasha ni wọ́n ń pe ẹni búburú tó kún inú Sáàmù. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ó lè túmọ̀ sí ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi, gẹ́gẹ́ bí tsaddiq, olódodo, ṣe lè túmọ̀ sí ẹni tí ẹjọ́ dá láre. Ó yé wa kíákíá. Obìnrin tó ti gbé risíìtì káàkiri gbogbo ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ, ti rí kóòtù kan tó máa ń jókòó ní aago méjìlá òru, tí kò gba owó bíìrò.

Kí ni kóòtù yẹn wá sọ nípa ẹni búburú? Sáàmù kìn-ín-ní ti fèsì kí ìwé náà tó lọ jìnnà. Ó fi olódodo wé igi, ó fi ẹni búburú wé ìyàngbò. Ẹni tó bá ti rí màmá wa níbi tó ti ń fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kò bá èèpo jà. Kò lù ú, kò jó o níná. Ó kàn ju gbogbo rẹ̀ sókè ni, èyí tó wúwo padà sínú atẹ, èyí tí kò wúwo bá atẹ́gùn lọ. A máa ń rò pé Ọlọ́run máa sọ òkò lu ìkà. Ohun tí akéwì yẹn rí ni pé ìkà ò ní ìwúwo.

Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ìwé náà. Ẹni búburú gbẹ́ kòtò, òun fúnra rẹ̀ ló jìn sí i. Ó dẹ àwọ̀n, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló kọ́. Ó fa idà yọ, àyà ara rẹ̀ ló wọ̀. Ó ń yọ́ bí ìda nídìí iná, ó ń pòórá bí èéfín, ó ń rọ bí koríko tí oòrùn pa. Ìgbín pàápàá wà níbẹ̀, ní Sáàmù 58, ìgbín tó ń rìn tó ń yọ́ tán sójú ọ̀nà. Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú èyí. Àwọn baba wa náà ní ẹni tó bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú á máa yọ́ ọ ṣe. Wọ́n tún ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ó dà bíi pé ìdí nìyẹn tí Sáàmù fi tètè bá wa lára mu: akéwì Hébérù máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn kejì á gbe gbólóhùn kìn-ín-ní lẹ́sẹ̀, bí ọfọ̀ àti ewì ṣe ń ṣe nílé wa.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí déètì. Èwo ni ọjọ́ tí atẹ́gùn máa fẹ́?

Ọkùnrin tiwa ò jìn sí kòtò kankan. Láàárín ọdún kan, ó pààrọ̀ mọ́tò. Ó lẹ táìsì sí iwájú ilé rẹ̀, ó gbé géètì dúdú tó ní orí kìnnìún sí i. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìdúpẹ́, wọ́n á fún un ní àga iwájú, màmá wa á sì jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ tí kò nílẹ̀. Àárẹ̀ ò ṣe é. Ó sanra sí i ni.

Sáàmù 73 mọ irú ìyẹn. Orúkọ Ásáfù ló wà lórí rẹ̀. Kò fi bò rárá, ó jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ nígbà tí òun rí àwọn ìkà tí ara wọn ń dán, tí ìyà ò jẹ wọ́n bó ṣe ń jẹ àwọn ẹlòmíràn. Ó ń ronú bóyá asán ni gbogbo ìwà mímọ́ òun. Ìgbà tó wọ ilé Ọlọ́run ló tó rí ibi tí wọ́n ń lọ. Àwa náà wọ ilé Ọlọ́run. Ọkùnrin náà ló jókòó síwájú.

Nǹkan kan tún wà tí a ò sọ fún màmá wa nígbà yẹn. Ọmọbìnrin ọkùnrin náà àti Ìdòwú wà ní kíláàsì kan náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Tí Ìdòwú ò bá ní owó oúnjẹ, ọmọ yẹn á pín búrẹ́dì tirẹ̀ sí méjì, kò ní sọ nǹkan kan, á ṣáà tì í sí i. Lọ́sàn-án, Ìdòwú á jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Lóru, á ṣe àmín sí i pé kó máa tọrọ jẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n ni pé àmín rẹ̀ ò jáde láti ẹnu mọ́ ní ibi tí àwọn ẹsẹ wọ̀nyẹn wà. Ètè rẹ̀ kàn ń mì ni.

*

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ẹ̀rù mìíràn wọ àdúgbò. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, wọ́n pa àwọn èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní Mọ́níyà àti Ṣáṣá àti àyíká wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin wà nínú wọn, aláboyún wà nínú wọn. A ò ní dárúkọ wọn níbí, nítorí àwọn tó ni wọ́n ò nílò kí àwa tún wá fi ọgbẹ́ wọn kọ̀wé. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wa sílẹ̀ díẹ̀ nínú ilé ni, ìpayà tún tì wá padà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Àwọn obìnrin ò dá lọ sí ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Ní oṣù keje, ọlọ́pàá fi ọmọkùnrin kan hàn, wọ́n ní òun ni wọ́n fura sí. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ní ẹnì kan tó ń ṣe ìṣègùn ló ń rán òun. A rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, ojú ọmọdé. Ọdún 19 ni àwa ìbejì náà wà nígbà yẹn. Màmá wa wò ó títí, ó fi fóònù sílẹ̀, ó tún gbé e. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, wọ́n ní ó ti sá kúrò ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó rí i mú padà.

Ọjọ́ méjìlá tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ wa yìí dá lé.

Kò sí ilé àdúrà tí wọn ò ti ka 109 láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń ṣọ́ òru, àwa ìbejì wà níbẹ̀, igi lọ́wọ́ wa, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wa. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gba àárín wa kọjá, ó gbé àpò sẹ̀mẹ́ǹtì sí èjìká, ọmọkùnrin kékeré kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ẹnì kan ní, “Ìwọ, dúró ńbẹ̀! Ibo lo ti ń bọ̀?” Ọkùnrin náà ń kólòlò. Ọ̀rọ̀ ò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí kò ṣe tètè jáde yẹn ló dá gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ẹnì kan ní irọ́ ló ń wá. Ẹlòmíràn ní ọmọ yẹn, ó jí i gbé ni. Kí a tó ṣẹ́jú, a ti yí i ká, ẹnì kan ti sáré lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà láti gba táyà.

Ọ̀kan nínú wa gbá a létí. A ò ní sọ èwo nínú àwa ìbejì. Ìbejì ni wá, ojú wa jọra, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé ìgbátí yẹn dún, ọkùnrin náà ò gbé ọwọ́ sókè, ọmọ kékeré yẹn sì ké. Kò sunkún bí ọmọdé ṣe ń sunkún. Igbe kan ṣoṣo ló ké, ó wá wo ẹni tó gbá bàbá rẹ̀ létí. Ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ rántí rẹ̀.

Fọkanáísà ló gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní àwọn fẹ́ táyà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá wọn dé ibẹ̀, àgbàlagbà tó ń tiro. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé? Ẹni tó ń ṣa irin àlòkù nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Àná ló ra rímù lọ́wọ́ mi.” Wọ́n tú àpò náà. Páànù ló wà níbẹ̀, àti kọ́ńdó fáànù, àti agolo mílíìkì. Ojú ẹni tí ọlọ́pàá ń wá ti wà lórí WhatsApp gbogbo wa láti oṣù keje. Ọkùnrin yìí ti lé ní ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó wo fóònù.

Wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n ní kó má bínú. Ó ṣa irin rẹ̀ padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ ń bá a ṣà á.

*

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jókòó ní aago méjìlá òru ọjọ́ yẹn. Ẹni tó gbá èèyàn létí ti sọ fún màmá wa. Kò bú u. Ó kàn bi í pé, “Ọmọ náà tó kí ni?” Ó ní, “Bí ọmọ ọdún mẹ́fà, Màámi.” Ó ní, “Ó dáa.”

Ó ṣí 109. Ó kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ ọkùnrin onílẹ̀, ó fi ti ìkà tó ń pààyàn kún un. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹsẹ kẹsàn-án, ó dákẹ́. Àbẹ́là ń jó. Ìdòwú gbé ojú sókè. Màmá wa fi ìka rẹ̀ tọ ojú ìwé náà wá sísàlẹ̀, ó kọjá ẹsẹ kẹwàá, ó kọjá ìkejìlá, ó kọjá ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí akéwì ti ń sọ pé ẹni náà ò ṣàánú aláìní. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò ka àwọn ẹsẹ wọ̀nyẹn mọ́. A ò bi í léèrè. Àmọ́ àmín Ìdòwú padà wá.

Nígbà tí a dàgbà sí i, a wá mọ̀ pé kì í ṣe màmá wa ló kọ́kọ́ fo ẹsẹ. Ní 1971, ìjọ Kátólíìkì yọ Sáàmù mẹ́ta kúrò pátápátá nínú ìwé àdúrà ojoojúmọ́ àwọn àlùfáà wọn, 109 wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 58 tó ní ìgbín àti 83 ni méjì yòókù. Gbogbo wa la mọ orin àwọn ẹrú Bábílónì tí Boney M sọ di olókìkí ní 1978. Inú Sáàmù 137 ni wọ́n ti mú un. Ìparí Sáàmù yẹn, níbi tí ìbínú ti dé orí ọmọ ọwọ́ àwọn ará Bábílónì, kò sí nínú orin. Wọn ì bá má jó o níbi ìnáwó.

Àwọn onímọ̀ kan tún tọ́ka sí ohun kan tó yà wá lẹ́nu nínú 109 fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀tá pọ̀, “wọn” ni akéwì ń pè wọ́n. Nígbà tó dé ibi èpè, ó di “un” lójijì, ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èpè, ó tún padà di “wọn”. Àwọn onímọ̀ yẹn ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe akéwì ló ń ṣẹ́ èpè náà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló ń tún sọ fún Ọlọ́run: ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa èmi àti àwọn ọmọ mi. Àwọn onímọ̀ mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa ò lè dájọ́. Àmọ́ a máa ń rántí ọmọ tó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú. Ká ní ọmọ yẹn mọ ìwé kà lálẹ́ ọjọ́ náà, àwa ni ìkà inú Sáàmù rẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú Támúdì, ìwé ńlá àwọn Júù, tí màmá wa fẹ́ràn láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ fún un. Àwọn jàǹdùkú kan ń yọ Rábì Meir lẹ́nu ní àdúgbò rẹ̀, ó wá ń gbàdúrà kí wọ́n kú. Ìyàwó rẹ̀, Beruriah, dá a dúró. Ó ní kó lọ wo ìparí Sáàmù 104 dáadáa: ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ka ọ̀rọ̀ yẹn sí, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá tán, ìkà á tán fúnra rẹ̀. Kó gbàdúrà kí wọ́n yí padà. Ó gbàdúrà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yí padà. Màmá wa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Obìnrin yẹn gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló gba ilẹ̀ rẹ̀?”

*

Ọ̀nà kan wà tó gba Mọ́níyà kọjá sí Ìjàyè, Ìjàyè tí ogun Ìbàdàn tú ní 1862, títí tó fi dé Ìsẹ́yìn. Nǹkan bíi 65 kìlómítà ni. Agbègbè Ìsẹ́yìn yẹn ni Òṣoògùn wà, níbi tí wọ́n ti kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Kò tíì ju bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́; ìgbà kan wà tí wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹṣin ò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ọjà tí kò dára. Ó dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ọmọ yẹn ló di Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa títí odidi rẹ̀ fi jáde ní 1884. Ẹnu ẹni tí wọ́n tà rí ni Sáàmù ti kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Tí a bá ń wá ẹni tó mọ ìkà, ẹ wá ìdí lọ síbòmíràn? Òun nìyẹn.

Crowther ò fo ẹsẹ kankan. Ọ̀rọ̀ opó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tọrọ jẹ wà níbẹ̀, bó ṣe wà ní Hébérù. Àmọ́ ó ti kọ nǹkan mìíràn ṣáájú. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé àwọn míṣọ́nnárì, ó sọ ìtàn ìgbèkùn rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n, wọ́n mú Potogí tó ra òun wá sínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ti dè é, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àjàyí rí i pé ọkùnrin náà ò lè mú òun mọ́. Ó gba ìgboyà, ó gbá a lórí, níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó ń kọ lẹ́tà náà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá. Ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Ẹni tó ra èèyàn bí ẹni ra ewúrẹ́ ló gbá. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwà ìkà ni ohun tí òun ṣe yẹn.

Ọjọ́ tí a kà á, ẹni tó gbá èèyàn létí nínú wa dìde, ó lọ dúró síta. A jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò dọ́gba, a mọ̀. Àjàyí gbá ẹni tó ṣe é ní ibi. Àwa gbá ẹni tó ń ṣa irin. Àmọ́ ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ yẹn ni Àjàyí ò gbàgbé, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà nígbà tí kò sẹ́ni tó béèrè. Ó sì padà mú Sáàmù 109, ó túmọ̀ ẹsẹ tó ń bẹ Ọlọ́run kí ó fìyà jẹ ọmọ ìkà. A ò mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa fi kọ ọ́. A kàn mọ̀ pé ó kọ ọ́, ó sì fi sílẹ̀ fún wa bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú pinnu ohun tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà.

Ohun tí àwa rí kọ́ nìyí, kò sì ju báyìí lọ. Inú Sáàmù, ìbínú láàyè gba ìbínú. Ẹ lè sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè dárúkọ, ẹ lè sunkún. Ọlọ́run ni ẹ fi ẹjọ́ sùn, ọwọ́ yín sì wà lórí ìwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kà á. Nígbà tí àwa gbé 109 kúrò lórí àpótí, tí a gbé e jáde sí òpópónà, táyà ni ó dì.

*

Wọ́n ṣí ojú irin rélùwéè náà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ibùdókọ̀ tó wà ní Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń wọlé, a máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ nílé tí a ṣì ń háyà. Ilé ti dúró lórí ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, aṣọ ilé ìwé wọn máa ń wà lórí okùn lọ́jọ́ Sátidé.

Ọkùnrin onílẹ̀ ṣì wà, ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí pé ká sọ pé rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ẹ má bínú. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti Ìdòwú ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ní Kérésìmesì tó kọjá, ó wá sílé wa, màmá wa bu ìrẹsì fún un, ó fi ẹran méjì sí i. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Màmá wa ní, “Kú ilé yín, ọmọ mi.” Bí ọmọ yẹn ṣe jáde, Ìdòwú bi í pé:

“Màámi, ṣé ẹ ti dárí ji bàbá rẹ̀ ni?”

Màmá wa yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n ta ní abẹ́rẹ́. Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Kó san owó mi.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, aago méjìlá, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wa.